Ìbàdàn Kọ́ ni Gbogbo Áfíríkà

Kò sí onímọ̀ èdè tí yóò gba ohùn àádọ́rùn-ún ènìyàn sílẹ̀ ní Ìbàdàn, tí yóò fi kọ gírámà, tí yóò sì pe ìwé náà ní Gírámà Èdè Áfíríkà. Bí ó bá dán an wò, àwọn Hausa àti Wolof yóò bi í léèrè ibi tí èdè tiwọn wà. Àwọn ará Èkìtì pàápàá kò ní dákẹ́. Síbẹ̀, ohun tí ẹ̀kọ́ èdè kò lè gbà yìí ti di àṣà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kọ̀wé lórí àbùdá àjogúnbá ènìyàn. Wọn a mú èsì tí ó ti Ìbàdàn wá, wọn a sì kọ "Áfíríkà" sí i lórí. Àṣà náà kò bójú mu, ó sì léwu.

Iṣẹ́ àgbáyé tí a ń pè ní HapMap, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, ni orísun ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí èsì àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2005, ènìyàn 269 ni wọ́n ti yẹ DNA wọn wò: 90 jẹ́ Yorùbá ní Ìbàdàn, 90 jẹ́ ará Utah tí ìran wọn ti Yúróòpù wá, 44 wá láti Tokyo, 45 sì wá láti Beijing. Nínú gbogbo Áfíríkà, Ìbàdàn nìkan ni ó wà níbẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń wá ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní linkage disequilibrium. Olùkọ́ èdè kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ "kòríkòsùn" ti mọ̀ pé "ọ̀rẹ́" kò jìnnà, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ ń rìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn lẹ́tà inú DNA: bí a bá rí ọ̀kan, a lè mọ èkejì tí ó sábà máa ń bá a rìn. Àjọrìn yìí kì í wà títí láé. Nígbà tí ara bá ń ṣe àtọ̀ tàbí ẹyin, krómósómù tí ó ti ọ̀dọ̀ baba wá àti èyí tí ó ti ọ̀dọ̀ ìyá wá a máa pààrọ̀ ègé láàárín ara wọn. Àwọn lẹ́tà tí ó jìnnà síra a tètè pínyà. Àwọn tí ó súnmọ́ra a pẹ́ pọ̀. Ìran tí ó ti pẹ́ tí ó sì pọ̀ níye ti ṣe pàṣípààrọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà ègé àjọrìn rẹ̀ kúrú. Ẹgbẹ́ kékeré tí ó kúrò ní Áfíríkà láyé àtijọ́ gbé díẹ̀ lára onírúurú náà lọ, ègé àwọn ọmọ wọn sì gùn. Ìwádìí kan ní ọdún 2002 fi hàn pé ìdajì jínóòmù wà nínú ègé tí ó tó lẹ́tà 22,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín àwọn Yorùbá àti àwọn Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú. Láàárín àwọn ará Yúróòpù àti Éṣíà, 44,000 ni.

Ìtàn ni àjọrìn, nígbà náà: ìtàn ìrìnàjò, ìgbéyàwó àti àrùn. Ìtàn ìlú kan kì í sì í ṣe ìtàn ìlú kejì.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú àìsàn kíndìnrín. Ní ọdún 2008, ìwádìí méjì di ẹ̀bi àìsàn náà láàárín àwọn Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ru jíìnì MYH9, lórí krómósómù kejìlélógún. Ní ọdún 2010, àwọn mìíràn fi hàn pé aládùúgbò rẹ̀, APOL1, ni ó jẹ̀bi jù. Àjọrìn ni ó jẹ́ kí wọ́n mú aládùúgbò dípò ọ̀daràn. Àmì APOL1 wọ̀nyí ń gba ènìyàn lọ́wọ́ kòkòrò àrùn oorunkóorun, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jogún wọn lọ́dọ̀ baba àti ìyá wà nínú ewu àìsàn kíndìnrín. Nínú àwọn Yorùbá Ìbàdàn, ọ̀kan nínú àwọn àmì náà wà lórí ohun tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta krómósómù lọ. Nígbà tí wọ́n yẹ àwọn ará Etiópíà wò, wọn kò rí wọn níbẹ̀. Èwo wá ni "àmì Áfíríkà"? Dókítà tí ó bá gba orúkọ yẹn gbọ́ yóò dẹ́rù ba aláìsàn kan ní Addis Ababa lásán.

Àwọn kan ń wí pé ibì kan ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ ni ibi tí a parí sí. Àwọn tí ó ṣe HapMap fúnra wọn kìlọ̀ pé kí a máa pe àwọn ènìyàn náà ní "Yorùbá ní Ìbàdàn, Nàìjíríà". Wọn kò fẹ́ "Áfíríkà", wọn kò fẹ́ "Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà", wọn kò tilẹ̀ fẹ́ "Yorùbá" nìkan. Ẹni tí ó gé orúkọ náà kúrú ń rú òfin àwọn tí ó kó ẹ̀rí jọ. Nígbà tí ó fi di ọdún 2015, iṣẹ́ 1000 Genomes ti fi àwọn Ẹ̀sán, àwọn Mende ti Sàró, àwọn ará Gáḿbíà àti àwọn Luhya ti Kẹ́ńyà kún un. Ní ọdún 2020, ìwádìí kan lórí ènìyàn 426 láti inú ẹ̀yà 50 ní Áfíríkà rí ìyàtọ̀ tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ sílẹ̀ rí. Bí Ìbàdàn bá tó, níbo ni mílíọ̀nù mẹ́ta yẹn ti jáde wá?

Àwọn Yorùbá mìíràn tilẹ̀ ń yọ̀ pé àwọn ni a fi ṣe aṣojú. Kò sí ọlá níbẹ̀. Ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ bo ti àwọn ará ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀ yóò pàdánù tirẹ̀ náà, nítorí pé ìwé tí ó kọ "Áfíríkà" kò sọ ti Ìbàdàn mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan. Èdè ni wọ́n fi ya àwọn ẹ̀yà 50 yẹn sọ́tọ̀. Lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ èdè ni wọ́n ti yá àwọn orúkọ náà. Ẹni tí ó ni orúkọ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè bí wọ́n ṣe ń lò ó. Nítorí náà, kí olùkọ́ tí ń túmọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá orúkọ ìlú tí ẹ̀rí ti wá, kí ó sì kọ ọ́ ní kíkún; kí olóòtú tí ó bá rí "Áfíríkà" níbi tí Ìbàdàn nìkan ti jẹ́rìí dá ìwé náà padà. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.