"Mi Ò Tíì Múra" Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Ọ̀lẹ

Gbólóhùn tó ṣòro jù lọ láti sọ nínú eré ogun orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ: "Mi ò tíì múra." Èrò tèmi ni pé àìlèsọ ọ ń pa ẹgbẹ́ ju ọ̀tá lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ eré náà. Nínú World of Warcraft, tó jáde ní ọdún 2004, ènìyàn 40 ló máa ń kóra jọ nígbà náà láti bá abàmì ẹ̀dá kan jà. Lónìí, ìpele tó le jù ń fẹ́ 20. Àwọn kan ń fi ara wọn ṣe asà fún ẹgbẹ́, àwọn kan ń wo ọgbẹ́, àwọn yòókù ń kọlu ọ̀tá. Bí olùwòsàn kan ṣoṣo bá ti dìde nídìí kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn lè kú. Ìdí nìyí tí olórí fi máa ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní ready check: ìbéèrè kan á yọ lójú kọ̀ǹpútà oníkálukú, ṣé o ti múra? Ẹni tó ní bẹ́ẹ̀ ni á gba àmì àwọ̀ ewé, ẹni tó ní rárá á gba pupa, àmì ìbéèrè ni ti ẹni tí kò fèsì.

Ní ọdún 2005, fídíò kan tàn káàkiri: ẹgbẹ́ kan ń fara balẹ̀ ṣètò, ni ẹnì kan bá kígbe orúkọ ara rẹ̀, Leeroy Jenkins, ó sì sáré wọ ojú ogun. Gbogbo wọn ló kú. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe. Àmọ́ Leeroy kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tó tẹ bẹ́ẹ̀ ni nítorí ìtìjú ni.

Ní Bouaké níbí, ìdí pọ̀ tí ènìyàn lè má tíì múra. Sáfà eré náà kò sí ní Áfíríkà, ti Yúróòpù la ń lò, àwọn ará ibẹ̀ ló sì ń dá àkókò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní Paris jẹ́ aago méje lọ́dọ̀ wa, ìgbà oúnjẹ àti ìrun. Iná tún wà níbẹ̀: ní ọdún 2021, ńṣe ni wọ́n ń pín iná fún wa ládùúgbò-ládùúgbò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì pàdánù nẹ́tíwọ̀kì.

Ẹ wá fi ẹ̀kọ́ ilé kún un. Ọmọ Anàgó tí àwọn òbí rẹ̀ àgbà ti Èjìgbò wá mọ̀ pé bí àgbà bá bèèrè pé ṣé o ti ṣe tán, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" ni ìdáhùn, bó ò tiẹ̀ tíì wọ bàtà. Ìwà ọmọlúàbí ni nínú ilé. Lójú ogun, irọ́ ni.

Àwọn kan á ní kò yẹ kí ènìyàn 19 máa dúró de ẹnì kan. Òótọ́ ni, bí ìdúró náà kò bá lópin. Àmọ́ bí ẹgbẹ́ bá kú, gbogbo wọn ló máa padà rìn, tí wọ́n á tún oògùn lò, tí wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì tí a fi dúró kò tó ìyẹn.

Nítorí náà, kí olórí kọ́kọ́ sọ ohun tí ìmúra jẹ́ kó tó bèèrè: oògùn, ohun ìjà tí a ti tún ṣe, iṣẹ́ oníkálukú. Bí ẹnì kan bá ní rárá, kó má bèèrè pé "Kí ló tún dé?", kó bèèrè pé "Ìṣẹ́jú mélòó?" Kí ẹni náà sì sọ iye ìṣẹ́jú, kó má yẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ń pẹ́ lójoojúmọ́, kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ láìbú u.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Àmì pupa yẹn ni àgbọ́tẹ́lẹ̀. Olórí tó ń bínú sí i ń lé ẹni tó wá kìlọ̀ fún un dànù.