Òfin Ìbọn àti Etí Oníbọn ní Libreville

Ní ìlú Libreville ni àjọ ọrọ̀-ajé àwọn orílẹ̀-èdè àárín gbùngbùn Áfíríkà, èyí tí a mọ̀ sí CEEAC, fi olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ní Kinshasa, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2010, àwọn ìjọba agbègbè náà fẹnu kò lórí àdéhùn kan tí yóò máa darí ìbọn, ọta, àti gbogbo ẹ̀yà ara wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí i ní Brazzaville ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Ó sì di òfin ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2017, lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè mẹ́fà ti fi òǹtẹ̀ lù ú. Gabon wà lára àwọn mẹ́fà náà. Àdéhùn náà dára. Ní ọdún 2013, àwọn aláṣẹ igbó ọba Gabon kéde pé erin tí iye wọn tó 11,000 ni a ti pa ní Minkébé láti ọdún 2004. Ẹni tí ó bá rántí èyí kò ní sọ pé kí ìbọn máa rìn kiri láìsí ìkáwọ́. Kì í ṣe wíwà òfin ni à ń bá jà. Ohun tí à ń bá jà ni pé a kọ òfin náà ní èdè tí ẹni tí ó lè tìtorí rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n kò gbọ́, tí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ èdè sì jókòó tí wọ́n ń wò ó.

Orí ọ̀rọ̀ méjì ni àdéhùn yìí dúró lé. Faransé pe ọ̀kan ní *armes de petit calibre*, ó pe èkejì ní *armes légères*. Ti àkọ́kọ́ ni ohun ìjà tí ènìyàn kan lè dá lò: ìbọn ìléwọ́, ìbọn gígùn, títí dé orí AK-47. Èkejì ni èyí tí a ṣe fún ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta láti jọ lò: ìbọn arọ̀jò-ọta ńlá, ohun tí a fi ń ta àdó olóró, àti mọ́tà tí ẹnu rẹ̀ kò tó mìlímítà 100. Èkejì yìí ni ará ìlú kò gbọdọ̀ ní rárá. Ti àkọ́kọ́, ìjọba lè fúnni ní ìwé àṣẹ fún un. Ṣùgbọ́n kí ni *léger* túmọ̀ sí ní ọjà? Ohun tí ó fúyẹ́ ni. Ọdẹ tí ó gbé ìbọn ẹlẹ́nu kan kọ́ èjìká ní etí odò Ogooué mọ̀ pé ìbọn òun fúyẹ́. Ó sì mọ̀ pé *calibre 12* ni wọ́n ń pè é, àti pé nínú ìṣirò yẹn, bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré sí i ni ẹnu ìbọn ń tóbi sí i. Nígbà tí ó bá gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba ti ka *armes légères* léèwọ̀, èwo ni kí ó gbà gbọ́? Mọ́tà kò fúyẹ́. Ìbọn rẹ̀ ni ó fúyẹ́. Bí ó bá fi èdè ọjà gbọ́ ọ, yóò sá pamọ́ pẹ̀lú ìbọn tí ó yẹ kí ó gbé lọ gba ìwé àṣẹ. Gẹ̀ẹ́sì kò sàn ju Faransé lọ níbí: ó pe ọ̀kan ní kékeré, ó pe èkejì ní fífúyẹ́, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni.

Òfin mìíràn tún wà lọ́rùn ọdẹ Gabon yìí. Òfin igbó ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2001 ní kí ó gba ìwé àṣẹ ọdẹ. Kò gbọdọ̀ fi iná dọdẹ lóru. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, igbó ti tì. Faransé ni gbogbo rẹ̀. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1991 sọ Faransé di èdè iṣẹ́ ìjọba, ó sì ṣe ìlérí lójú ẹsẹ̀ pé ìjọba yóò dáàbò bo àwọn èdè ilẹ̀ náà, yóò sì gbé wọn lárugẹ. Kì í ṣe pé Fang, Myènè, Punu àti Nzèbi kò ní àkọsílẹ̀. Àlùfáà André Raponda Walker, tí ó kú ní ọdún 1968, ti kọ ìwé atúmọ̀-èdè Mpongwè kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùkọ́ òde òní tó dé ayé. Àwọn tí ó fi orúkọ rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ sì ṣe ìwé ìkọ́ni tí wọ́n pè ní Rapidolangue. Ọmọ lè ti inú rẹ̀ kọ́ bí a ti ń kíni. Ìbọn tí ó fi kọ́ sára ògiri ilé bàbá rẹ̀ ńkọ́?

Ìran òfin yìí ti pẹ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1890 ni àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn alájọṣe wọn fọwọ́ sí Àdéhùn Brussels, tí wọ́n ní òwò ẹrú ni àwọn fẹ́ fi pa rẹ́. Wọ́n fa ìlà sórí Áfíríkà, láti ìwọ̀n 20 ní àríwá títí dé ìwọ̀n 22 ní gúúsù. Libreville bọ́ sí àárín rẹ̀. Ìbàdàn náà bọ́ sí i. Ìbọn ìgbàlódé kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ ọmọ ilẹ̀. Èyí tí òkúta ń tanná sí, pẹ̀lú ẹ̀tù ọjà, ni kí wọ́n máa tà fún un. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ohun tí ọmọ ilẹ̀ ń pe èyíkéyìí nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ogun Kírìjì, níbi tí Èkìtì Parapọ̀ ti fi ìbọn tí a ń ki láti ẹ̀yìn kojú Ìbàdàn, ti fi ìyàtọ̀ náà han gbogbo ilẹ̀ Yorùbá.

Kí Yorùbá má ṣe rò pé ti Gabon nìkan ni èyí. Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí a kà léèwọ̀, tí ó di ọwọ́ Ààrẹ, èyí tí í ṣe ti ara ẹni, tí ó di ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá, àti èyí tí a ń ki láti ẹnu, ìyẹn ṣakabùlà àti àwọn ìbátan rẹ̀. Ìbọn ìléwọ́, tí ó kéré jùlọ, ẹgbẹ́ àwọn tí a kà léèwọ̀ ni ó wà. Nígbà tí a dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àti nígbà tí Gómìnà Rótìmí Akérédolú ní òun yóò ra ìbọn fún wọn ní ọdún 2022, ẹnu gbogbo ayé ń pariwo ìbọn, ìbọn, bí ẹni pé oríṣi kan ṣoṣo ni. Bẹ́ẹ̀, oríṣi tí ó jẹ́ ni gbogbo ẹjọ́ náà. Àwọn akéde ìròyìn kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: "ohun ìjà kéékèèké" ni wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀, àti mọ́tà, àti ìbọn ìléwọ́. Yorùbá wo ni ó rí mọ́tà rí tí ó pè é ní kékeré?

Àwọn kan yóò ní èdè Áfíríkà kò ní ọ̀rọ̀ tí ó tó fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí á dán an wò. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí àdéhùn náà fi ya ohun ìjà méjèèjì sọ́tọ̀ ni iye ènìyàn tí ń lò ó. Nítorí náà, *ohun ìjà àdálò* ni ti àkọ́kọ́, *ohun ìjà àjùmọ̀lò* ni èkejì. Àgbẹ̀ tí kò ka ìwé rí yóò mọ èyí tí ìbọn rẹ̀ jẹ́ kí a tó parí gbólóhùn. Faransé kò lè ṣe èyí, Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣe é. Àwọn mìíràn yóò ní bí òfin bá wà ní èdè púpọ̀, ilé ẹjọ́ yóò dàrú. Àdéhùn Kinshasa fúnra rẹ̀ wà ní ju èdè kan lọ, kò sì dàrú. Ìdàrúdàpọ̀ tí wọ́n ń bẹ̀rù kì í wáyé àfi bí èdè tí a fẹ́ fi kún un bá jẹ́ ti ọmọ ilẹ̀.

Ẹ̀bi àwọn onímọ̀ èdè kò kéré. Èdè ìperí fún gírámà àti lítíréṣọ̀ Yorùbá ti wà ní títẹ̀ láti ọdún 1984. Ìwé ọ̀rọ̀ ìṣòfin ní Gẹ̀ẹ́sì, Hausa, Ìgbò àti Yorùbá jáde ní ọdún 1991. Láti ọdún 1979 ni ìwé òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti wí pé a lè fi èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ṣe iṣẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà nígbà tí ètò tí ó péye bá ti wà fún un. Ti ọdún 1999 tún un wí ní abala 55. Ta ni yóò ṣe ètò náà bí kò bá ṣe Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó? Ta ni yóò ṣe é fún Fang àti Punu bí kò bá ṣe Yunifásítì Omar Bongo, tí ó wà ní ìlú kan náà pẹ̀lú CEEAC? Iṣẹ́ oyè kan lórí ọ̀rọ̀ méjì wọ̀nyí yóò wúlò ju mẹ́wàá lọ tí ó tún ń ka fáwẹ́lì. Títí ìgbà náà, kí adájọ́ tí ó bá fẹ́ rán ọdẹ Fang lẹ́wọ̀n nítorí ìbọn kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò ìjọba: èdè wo ni a fi ka òfin náà sí i létí, níbo, àti ní ọjọ́ wo?