Ta Ló Ní Káfíńtà Wa Kò Lè Kan Gìtá?

Ọ̀rọ̀ kan ti ń dùn mí nínú tipẹ́, mo sì fẹ́ sọ ọ́ lónìí. Bó bá bí ẹnikẹ́ni nínú, kó foríjì mí, ṣùgbọ́n kó gbọ́ ọ tán ná. Àwọn olórin wa, títí kan àwọn ẹgbẹ́ akọrin inú ìjọ, ti gbà pé ohun àjèjì ni gìtá oníná, pé kò sí ohun tó kan ọwọ́ ọmọ Yorùbá níbẹ̀ ju pé kó ta á lọ. Bí gìtá bá já bọ́ lóde àríyá tí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, ó parí nìyẹn. Wọn á gbé e ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí dá owó jọ láti ra òmíràn. Ọmọ tí kò rówó dá ńkọ́? Orin tán lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn?

Èmi ní rárá. Igi ni gìtá, iṣẹ́ káfíńtà sì ni.

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Ara gìtá oníná tó wọ́pọ̀ jẹ́ pákó tó ki, kò ní inú bíi ti gìtá àtijọ́. Ọrùn rẹ̀ jẹ́ igi gígùn tí wọ́n fá, tí wọ́n sì to irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú rẹ̀. Irin yẹn là ń pè ní fírẹ́ẹ̀tì. Ó ku okùn mẹ́fà, ohun tí à ń yí láti fi fa okùn le, àti píkọ́ọ̀pù, ìyẹn mágnẹ́ẹ̀tì tí wọ́n we wáyà tín-ín-rín yí ká. N kò ní kí káfíńtà lọ rọ okùn tàbí mágnẹ́ẹ̀tì. Ìwọ̀nyẹn, ká rà wọ́n. Ṣùgbọ́n ayùn, pìléènì, ṣísẹ́ẹ̀lì àti sáńpépà ló ń ṣe ìyókù.

Ta ló kọ́kọ́ sọ irú gìtá onípákó bẹ́ẹ̀ di ọjà tó kárí ayé? Leo Fender ni, ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní ìlú Fullerton, ní California. Kò tilẹ̀ mọ gìtá ta. Ní 1950 ló gbé tirẹ̀ jáde, èyí tí wọ́n wá sọ ní Telecaster ní 1951. Síkúrúù mẹ́rin ló fi de ọrùn mọ́ ara rẹ̀. Bí ọrùn bá bàjẹ́, wọn á tú síkúrúù mẹ́rin, wọn á fi òmíràn rọ́pò. Ẹni tó ń de ilẹ̀kùn mọ́ férémù lójoojúmọ́, kí ló fẹ́ ṣòro fún un níbẹ̀?

Ẹ tún wo ti Brian May ní London. Ní oṣù kẹjọ 1963, òun àti bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kan gìtá nínú ilé, nítorí pé owó kò sí láti ra èyí tó wù ú. Igi ara ibi ìdáná àtijọ́ kan ni wọ́n fi gbẹ́ ọrùn rẹ̀. Spíríǹgì inú ẹ́ńjìnnì alùpùpù àtijọ́ ni wọ́n fi sí ìdí okùn. Gìtá yẹn náà ló ń ta nínú ẹgbẹ́ Queen títí òkìkí wọn fi kàn, òun ló sì gbé gun orí òrùlé ààfin ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2002.

Ẹ̀yin tó ń sọ pé igi òyìnbó nìkan ló dára, ẹ gbọ́ eléyìí. Ní 1958, ilé iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà gbé Flying V àti Explorer jáde. Igi tí wọ́n pè ní Korina ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Kí ló ń jẹ́ Korina? Afàrà ni! Afàrà tó ń hù nínú igbó tiwa níhìn-ín. Lónìí, àwọn gìtá yẹn wà lára èyí tó wọ́n jù láyé. Ohun tá a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gi ń náání èèpo igi. Àwa ńkọ́? À ń fi tiwa dáná.

Ṣùgbọ́n n kò ní gbè sẹ́yìn àwọn káfíńtà. Wọ́n ní ẹ̀bi tiwọn. Mo ti rí gìtá tí wọ́n kan ìṣó mọ́ lọ́rùn bí ẹni ń kan àpótí ọṣẹ. Àwọn kan á gbé igi tútù láti ilé ìlàgi, wọn á fi ṣe ọrùn lọ́jọ́ kejì. Ọyẹ́ á dé, igi á sún kì, ọrùn á tẹ̀ bí ọrun. Igi gìtá gbọ́dọ̀ gbẹ dénú.

Èyí tó burú jù ni ká máa fojú wọn fírẹ́ẹ̀tì. Okùn Fender gùn ní ínǹṣì 25.5. Ẹ pín in sí 17.817, ẹ ó rí ínǹṣì 1.431, ibẹ̀ ni fírẹ́ẹ̀tì kìíní wà. Ẹ yọ ìyẹn kúrò, kí ẹ tún pín ìyókù sí 17.817, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí. Fírẹ́ẹ̀tì kejìlá gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín gééré, ínǹṣì 12.75. Ẹni tó bá ní kí òun pín in sí 18 kó lè rọrùn, kó tó dé ìkejìlá yóò ti fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ínǹṣì ṣìnà. Kò sí bó ṣe lè yí okùn náà tí ohùn rẹ̀ á bára mu. Láti òkè ọrùn ni kí ẹ sì ti wọn gbogbo wọn, kì í ṣe láti ọ̀kan sí èkejì, kí àṣìṣe má baà gun orí àṣìṣe. Ayùn tí ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín ni kí ẹ fi là á. Ayùn ilẹ̀kùn ti nípọn jù.

Ọrùn tó ṣẹ́ ńkọ́? Gìtá irú ti Gibson, orí rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, iṣan igi sì kúrú níbi tó ti tẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa ń ṣẹ́ bó bá ṣubú. Ẹ tú okùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má fi sáńpépà ha ojú egbò náà, torí eyín igi wọ̀nyẹn ló máa wọ inú ara wọn padà. Ẹ fi gúlúù igi sí ojú méjèèjì, ẹ fi kíláǹpù dì í, ẹ nu èyí tó yọ síta, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Gúlúù tó bá mú dáadáa máa ń lágbára ju igi fúnra rẹ̀ lọ. Ìṣó, ńṣe ló ń la igi.

Ẹ̀yin olórin náà, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ ó ná owó gọbọi ra gìtá, ẹ ó wá fún káfíńtà lówó oúnjẹ àárọ̀, ẹ ó tún ní kó parí ẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú torí pé òde wà lọ́la. Báwo ni iṣẹ́ ọ̀hún ò ṣe ní í bàjẹ́?

Wọ́n á ní gìtá ilé kò lè dún bíi ti òkè òkun. Irọ́ ni. Okùn, píkọ́ọ̀pù àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohùn gìtá oníná. Iṣẹ́ igi ni pé kó dúró ṣinṣin, kó má tẹ̀, kí ìwọ̀n rẹ̀ sì pé. Àwa tí à ń fi igi àpá gbẹ́ ìlù láti ayébáyé, tí onílù wa kì í gbé dùndún lọ sí òkè òkun kí wọ́n tó bá a pààrọ̀ awọ, ṣé àwa ni ìyẹn fẹ́ ṣòro fún? Ebenezer Obey àti Sunny Ade ti mú kí gìtá máa sọ Yorùbá tipẹ́. Kí ló wá dé tí ọwọ́ wa kò tíì mọ̀ ọ́n kàn?

Kí ẹgbẹ́ olórin kọ̀ọ̀kan wá káfíńtà kan tó ní sùúrù. Kí wọ́n gbé gìtá tó ti kú fún un kó tú u, kó wọ̀n ọ́n, kó tún un tò. Kí wọ́n sì san owó rẹ̀ fún un pé pérépéré. Gìtá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn, ẹ gbé e jáde lọ́la.