Ẹ Fi Í Lé Olóúnjẹ Lọ́wọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè àwọn ará Japan tí ó ti gbilẹ̀ láàrin àwọn ọlọ́lá ayé. Omakase ni wọ́n ń pè é. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé, "Mo fi í lé yín lọ́wọ́" lọ. Ẹni tí ó bá wọ ilé oúnjẹ tí ó sì sọ ọ̀rọ̀ yìí ti yọ ẹnu kúrò nínú ohun tí yóò jẹ nìyẹn. Kò ní wo ìwé oúnjẹ, kò ní nàka sí ìkòkò, kò ní béèrè pé èyí ńkọ́, tọ̀hún ńkọ́. Alásè ni yóò mọ ẹja tí ó dára jù lọ́jà lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Òun ni yóò mọ èyí tí yóò ṣáájú àti èyí tí yóò kẹ́yìn. Òun náà ni yóò sì mọ ìgbà tí ó tó. Iṣẹ́ ti oníbàárà ni kí ó jókòó, kí ó jẹ, kí ó sì sanwó. Owó náà kì í sì í ṣe kékeré.

N kò dìde láti bu oúnjẹ ẹlòmíràn. Mo ti jẹ irú rẹ̀ rí ní òkè òkun, n kò sì ní purọ́ pé kò dùn. Àwọn ènìyàn wa ni mo bá ní ẹjọ́. Ìtẹríba tí wọ́n ń kó lọ síwájú alásè àjèjì, wọn kò jẹ́ fún ìyá alámàlà ní Àrẹ̀mọ ní ìdámẹ́wàá rẹ̀. Mo ní ìwà náà kò dára. Mo ní ó ń ba iṣẹ́ ńlá kan jẹ́ mọ́ wa lójú. Mo sì ní bí a kò bá tètè jáwọ́ nínú rẹ̀, owó gọbọi ni a ó máa fi ra oúnjẹ ìyá wa padà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí oúnjẹ àwọn ará Japan yìí ti wá. Súṣì tí à ń gbé gẹ̀gẹ̀ lónìí, ìrẹsì tí a fi ọtí kíkan pò, tí a wá gé ẹja tútù lé lórí, oúnjẹ ojú pópó ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ní ìlú Edo tí à ń pè ní Tokyo lónìí, orí àtẹ ni wọ́n ti ń tà á fún àwọn tí ebi ń pa tí wọn kò sì ráyè jókòó. Àwọn òpìtàn a máa dárúkọ Hanaya Yohei gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn tí ó sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Kí ni ó wá gbé e kúrò lórí àtẹ dé iwájú àwọn ààrẹ? Ẹja náà kò di wúrà. Àwọn ará ìlú náà ni wọ́n gbà pé ọwọ́ tí ń ṣe é jẹ́ ọwọ́ ọ̀mọ̀ràn.

Ẹ wo Jiro Ono, tí wọ́n bí ní 1925. Ìsọ̀ rẹ̀ kékeré wà ní abẹ́ ilé ńlá kan ní àdúgbò Ginza ní Tokyo. Àga bíi mẹ́wàá péré ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ìwé atọ́nà Michelin kọ́kọ́ dé Tokyo ní 2007, ó fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta, èyí tí kò sí òmíràn lókè rẹ̀. Ní 2011, wọ́n ṣe fíìmù nípa rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, Barack Obama, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú Shinzo Abe, olórí ìjọba Japan. Ẹni ọdún 88 ni bàbá náà lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa lo ọdún bíi mẹ́wàá kí wọ́n tó lè pe ara wọn ní alásè. Ta ni yóò bá irú bàbá bẹ́ẹ̀ jiyàn pé kí ó fi ẹja kún un?

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Ẹni tí ó bá ti Ọjàaba gba Mápó, tí ó já sí Bẹẹrẹ, tí ó sì kọrí sí Àrẹ̀mọ, kò ní rìn jìnnà kí òórùn gbẹ̀gìrì tó pàdé rẹ̀. Oríṣiríṣi ènìyàn ni ó ń jẹun lórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀: awakọ̀, akọ̀wé, alágbàṣe, àti olówó tí ó gbé ọkọ̀ bọ̀gìnnì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Mo ti dúró láàrin wọn lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì ti gbọ́ bí àwọn kan ṣe ń bá olóúnjẹ sọ̀rọ̀. "Ìyá, ẹ bù ú dáadáa!" "Ṣé ẹran náà nìyí?" "Ẹ yọ ìyẹn kúrò, ẹ mú ti ìsàlẹ̀ yẹn wá!" "Ẹ da ọbẹ̀ lé e, ṣé ẹ ń ṣahun ni?" Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ yìí lè má tíì tó àbíkẹ́yìn ìyá náà lọ́jọ́ orí. Òun kan náà ni ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀ bí ti ẹni tí ó wà nílé ìjọsìn nígbà tí ó bá jókòó níwájú alásè Japan ní Èkó, tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, tàbí ní Dubai. Wọ́n gbé ègé ẹja kan tí kò tó ìka méjì síwájú rẹ̀, ó dúpẹ́. Wọ́n gbé òmíràn wá, ó tún dúpẹ́. Kò béèrè èènì, kò sì pe ẹnikẹ́ni ní ahun.

Orúkọ tí a sọ àwọn olóúnjẹ wa gan-an tú àṣírí wa. Mama Put ni a ń pè wọ́n káàkiri Nàìjíríà. Orúkọ náà ti wọ̀ wá lára tó bẹ́ẹ̀ tí Wọlé Ṣóyínká fi sọ olóúnjẹ kan bẹ́ẹ̀ nínú eré rẹ̀, The Beatification of Area Boy, tí ó jáde ní 1995. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀ bí kò ṣe, "Màmá, ẹ bù ú, ẹ fi kún un"? Ẹ gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Ará Japan sọ fún alásè rẹ̀ pé, "Mo fi í lé yín lọ́wọ́." Àwa sọ fún tiwa pé, "Ẹ bù ú!" Ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó gbà pé ọ̀gá wà níwájú òun, èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ.

Bẹ́ẹ̀, kí ni ìyá alámàlà mọ̀ tí ó fi yẹ kí a fi oúnjẹ lé e lọ́wọ́? Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí isu. A bẹ isu, a gé e, a bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná tí kò gbọdọ̀ hó, a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí a tó sá a sóòrùn. Bí omi bá hó jù, isu jinná, èlùbọ́ bàjẹ́. Bí òjò bá ká a mọ́ ibi tí a sá a sí, ó bu. Èlùbọ́ tí ó ń ti Ṣakí àti àwọn ìlú Òkè-Ògùn wá kì í rí bákan náà láti oṣù dé oṣù. Ìyá tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, a fi ìka méjì ra á wò, a gbé e símú, a sì mọ̀ bóyá wọ́n ti da láfún mọ́ ọn, a mọ iye omi tí yóò gbà àti bí yóò ti pẹ́ tó lórí iná. Lẹ́yìn èyí ni ó tó kan omorógùn. Ọwọ́ tí ń ro èlùbọ́ kò gbọdọ̀ dúró, kò sì gbọdọ̀ kánjú, kí àmàlà má baà ní kókó.

Gbẹ̀gìrì ńkọ́? Ẹ̀wà tí a rẹ sómi, tí a bó, tí a sè títí tí ó fi yọ́, tí a sì sẹ́. Ewédú ńkọ́? Ewé tí a já kúrò lára igi rẹ̀, tí a fi kaun díẹ̀ sè, tí a sì fi ìjábẹ̀ lù títí tí ó fi yọ̀. Ọwọ́ tí ń bu kaun ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Kò sí ṣíbí tí ń wọ̀n ọ́n. Ìyá náà tún mọ ẹran. Ó mọ̀ pé ṣàkì tòní rọ̀ ju tàná lọ, pé ẹ̀dọ̀ kì í pẹ́ nínú ìkòkò kí ó tó le, pé pọ̀nmọ́ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni ọbẹ̀ ti wọ̀ dáadáa. Ẹni tí ó kàn nàka sí ẹran tí ó tóbi jù ti ta gbogbo ìmọ̀ yìí nù. Ojú ni ó fi jẹun.

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fọ̀. Wọn yóò ní, ọbẹ̀ tí baálé kì í jẹ, ìyáálé kì í sè é. Nítorí náà, ẹni tí yóò jẹun ni ó ni àṣẹ. Àwọn tí ń pa òwe yìí bẹ́ẹ̀ kò fetí sí i dáadáa. Òwe náà kò sọ pé kí baálé dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná kí ó máa pàṣẹ. Ohun tí ó sọ ni pé ìyáálé ti mọ̀. Ìmọ̀ tí olùdáná ní nípa ẹni tí yóò jẹun ni a fi òwe náà yìn. Alásè Japan tí ń wo ojú oníbàárà rẹ̀ kí ó tó gé ẹja tí ó kàn, ohun kan náà ni ó ń ṣe. Nílé wa, àlejò tí ó wọlé lọ́sàn-án kì í yan oúnjẹ. Ìyàwó ilé gbé ohun tí ó wà kalẹ̀, omi ìṣanwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlejò jẹ, ó sì dúpẹ́. Ta ni ó wá ń sọ fún wa pé àṣà àjèjì ni kí a fi oúnjẹ lé ẹni tí ó sè é lọ́wọ́?

Àwọn mìíràn yóò ní ọ̀rọ̀ owó ni. Òótọ́ wà nínú èyí. Alágbàṣe tí owó ọ̀sán rẹ̀ kò ju ti àmàlà kan àti ẹran kan lọ kò lè sọ pé kí ìyá máa bù ú bí ó ti wù ú. Ó ní láti ka owó rẹ̀. Òun kọ́ ni mo ń bá wí. Òun gan-an ni ó sì sábà máa ń fi ọ̀wọ̀ bá ìyá náà sọ̀rọ̀, nítorí kò gbàgbé ọjọ́ tí kò sówó lọ́wọ́ rẹ̀ tí ìyá sì bu oúnjẹ fún un láwìn. Ẹni tí mo ń bá wí ni ẹni tí owó oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ kan níwájú alásè àjèjì tó bọ́ odidi ilé kan ní Àrẹ̀mọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ó sì tún ń bá ìyá alámàlà jà nítorí pọ̀nmọ́.

Àwọn ìkẹta yóò ní ibẹ̀ kò mọ́. Èmi náà fẹ́ kí ó mọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ìyá alámàlà ni ó ni gọ́tà tí kò ṣàn níwájú ìsọ̀ rẹ̀? Ṣé òun ni ó yẹ kí ó fa omi ẹ̀rọ wọ àdúgbò? Ẹni tí ó ń yin ìmọ́tótó Tokyo yẹ kí ó rántí pé ìjọba ni ó fa omi ibẹ̀. Bí ó bá ní ohùn tí ó lè fi pariwo mọ́ ìyá arúgbó nídìí ìkòkò, kí ó gbé ohùn kan náà lọ sí ilé ìjọba ìbílẹ̀.

Ohun tí ó wà nínú ewu kì í ṣe kékeré. Bí gbogbo wa bá ń fẹ́ kí àmàlà pọ̀ kí ó sì pọ́ọ́kú, olóúnjẹ yóò wá èlùbọ́ tí wọ́n da láfún mọ́. Bí a bá ń fi títóbi nìkan díwọ̀n ẹran, kò ní yà á lẹ́nu bí kò bá sí ẹni tí ó tún bìkítà fún rírọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo mọ́ ìyá rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kò ní fẹ́ jókòó sídìí ìkòkò náà. Yóò wá iṣẹ́ mìíràn, a kò sì lè bá a wí. Nígbà tí ìyá bá kú, ọwọ́ tí ó mọ kaun àti ọwọ́ tí ó mọ èlùbọ́ yóò bá a lọ, nítorí kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn ẹlòmíràn kò sùn. Ní 2017, Iré Hassan-Odukale àti Jeremy Chan ṣí ilé oúnjẹ kan sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ikoyi. Èròjà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí alásè bá tò kalẹ̀ ni oníbàárà ń jẹ. Ìràwọ̀ Michelin méjì sì ni ó ní láti 2022. Ní 2024, Adéjọkẹ́ Bákárè gba ìràwọ̀ tirẹ̀ fún Chishuru, ó sì di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú mi dùn sí wọn. Ṣùgbọ́n ṣé a ó dúró kí oúnjẹ wa tó wọkọ̀ òfuurufú kí a tó mọ̀ pé ọgbọ́n ni?

Àjọ UNESCO ní àkọsílẹ̀ kan fún àwọn àṣà tí ó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Oúnjẹ ìbílẹ̀ Japan wọ inú rẹ̀ ní 2013. Ìrẹsì ẹlẹ́ja ti àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà wọ̀ ọ́ ní 2021. Attiéké ti Côte d'Ivoire, tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ bíi tiwa yìí ṣe, wọ̀ ọ́ ní 2024. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa ti wà níbẹ̀ láti 2008, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí a fi ń bọlá fún àwọn ìyá wa. Ní ìgbà tí mo ń kọ ìwé yìí, àmàlà kò sí níbẹ̀. A bu ọlá fún ìyá ní ojú agbo, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ nídìí ìkòkò.

Kí ni kí a wá ṣe? Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ń kọ́ ọmọ wa ní iṣẹ́ oúnjẹ àti ilé ìtura ránṣẹ́ pe àwọn ìyá wọ̀nyí láti wá kọ́ni, kí wọ́n sì sanwó fún wọn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Kí àwọn tí ó mọ̀wé kọ ìmọ̀ wọn sílẹ̀ ní èdè Yorùbá nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Kí ẹni tí ó lówó san iye tí ó tọ́ láìnajà. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ilé ìdáná ìyá ẹni náà kò yẹ ní ohun tí à ń fi ọwọ́ òsì júwe.

Ohun kan tún wà tí kò ní ná wa ní kọ́bọ̀. Nígbà tí ẹ bá tún dé ìdí ìkòkò ní Àrẹ̀mọ, ẹ kí ìyá. Ẹ sọ iye tí ẹ ní, kí ẹ sì wí fún un pé, "Ìyá, ẹ bu èyí tí ẹ mọ̀ pé ó dára lónìí fún mi." Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ rẹ̀.