Ẹ̀jẹ̀ ìyá ìkókó kì í dúró de dókítà: Ohun tí nọ́ọ̀sì Kàbbà nílò

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ojú nìkan kò tó láti fi ṣọ́ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ní Kàbbà àti àwọn ìlú yòókù nílẹ̀ Òkun, bí aboyún bá bímọ lóru, nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i bí nǹkan bá fẹ́ yíwọ́. Ìpinnu tó bá ṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló lè gba ẹ̀mí là.

Káàkiri àgbáyé, ìsun ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tó ń pa àwọn ìyá jù lọ. Ewu ti dé bí ẹ̀jẹ̀ tó dà bá ti tó ìdajì lítà. Ta ni yóò wá fi ojú lásán mọ ìdajì lítà, nígbà tí aṣọ ti mu díẹ̀, tí díẹ̀ sì ti ṣàn sílẹ̀?

Ìdáhùn wà nínú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní E-MOTIVE, tí èsì rẹ̀ jáde lóṣù karùn-ún, ọdún 2023. Ilé ìwòsàn 80 ló kópa ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa, àwọn obìnrin tó bímọ níbẹ̀ sì lé ní 210,000. Ní apá kan, wọ́n tẹ́ ọ̀rá tó ní ìlà ìwọ̀n sábẹ́ ẹni tó bímọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kan ìlà ewu, àwọn òṣìṣẹ́ yóò fọwọ́ ra ilé ọmọ láti òkè ikùn, wọn yóò fún un lóògùn, wọn yóò fa omi sí i lára, wọn yóò wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, wọn yóò sì ké sí ẹni tó jù wọ́n lọ, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe bíi ti tẹ́lẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ wọn dà kọjá ààlà, bíi 51 ni wọ́n tètè mọ̀. Níbi tí wọ́n ti lo ọ̀rá náà, wọ́n mọ 93. Ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le gan-an, iṣẹ́ abẹ tàbí ikú tó tìdí rẹ̀ wá sì dín kù ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún.

Kò sí ẹni tó pààrọ̀ ọpọlọ àwọn agbẹ̀bí wọ̀nyẹn. Ìwọ̀n ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì mọ ohun tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀rá kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òye. Kò lè rí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà sínú ikùn, kò sì lè mọ̀ pé ọwọ́ obìnrin náà ti ń tutù, tàbí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́. Nọ́ọ̀sì ló ń rí ìyẹn.

Lọ́kọ́ja ni ọsibítù ńlá ìjọba àpapọ̀ wà. Ọ̀nà oníkọnkéré kìlómítà 43 tó so Ọbàjánà mọ́ Kàbbà wà lójú ọ̀nà ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tó lè dá ẹ̀jẹ̀ tó ti dà padà.

Ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn púpọ̀ kò sì lè dúró ti ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì gùn lé ìyanṣẹ́lódì lọ́jọ́ 30, oṣù keje, ọdún 2025, ara ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí ìjọba gba òṣìṣẹ́ kún wọn.

Ohun tó yẹ kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kogi ṣe kò ṣòroó kà: ọ̀rá ìwọ̀n ní gbogbo yàrá ìgbẹ̀bí, àṣẹ tí wọ́n kọ sílẹ̀ pé kí nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kí dókítà tó dé, ọ̀nà láti pe dókítà lóru, àti òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tó. Bí aburú bá sì ṣẹlẹ̀, kí wọ́n béèrè ohun tí nọ́ọ̀sì kò ní lọ́wọ́ kí wọ́n tó béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Nọ́ọ̀sì tó ń bẹ̀rù ìyà yóò fi àṣìṣe pamọ́, àṣìṣe tí wọ́n bá sì fi pamọ́ lónìí lè pa ẹlòmíràn lọ́la.