Igi Dá, Ẹyẹ Fò, Ọ̀rọ̀ Ò Tíì Tán

Igi dá, ẹyẹ fò. Bí àwa Yorùbá ṣe máa ń parí ọ̀rọ̀ igi tó wó nìyẹn. Ohun tó kù lẹ́yìn ìyẹn ni àdá àti iná: ó ti jẹrà, ó ti di ìdọ̀tí, ẹ jẹ́ ká palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Àwa ò gbà. Igi tó wó sínú igbó kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹni tó ń sun ún kí igbó lè mọ́, igbó gan-an ló ń bà jẹ́.

Ẹ lọ wo irú igi bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òjò mélòó kan. Èèpo rẹ̀ á rọ̀, olú á hù lára rẹ̀, ọbẹ̀dò, ewéko kéékèèké tá a tún ń rí lára ògiri tútù, á sì bò ó bí ẹní. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ọbẹ̀dò ló ń jẹ igi náà. Irọ́ ni. Ọbẹ̀dò ò ní gbòǹgbò gidi. Fọ́nrán tín-tìn-tín tó ní, ó kàn fi ń di igi mú ni. Ewé rẹ̀ ló fi ń mu òjò àti ìrì, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló sì fi ń ṣe oúnjẹ bíi ti àgbàdo. Olú àti ikán ló ń tú igi palẹ̀.

Kí wá ni iṣẹ́ ọbẹ̀dò? Ó ń gba omi dúró. Igi tó ti jẹrà dà bíi kànrìnkàn, ọbẹ̀dò sì ni ìbòrí tí kì í jẹ́ kí oòrùn tètè fà á gbẹ. Nígbà ọyẹ́, á gbẹ táútáú, ẹ ó ní ó ti kú. Kí òjò rọ̀ báyìí, ó ti tutù yọ̀yọ̀. Irúgbìn tó bá bọ́ sórí rẹ̀ lè rí ibi rírọ̀ fìdí múlẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rọ́pò. Igi igbó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó kàn ń pẹ́ díẹ̀ ni.

Lásìkò ìjọba ológun Buhari ni wọ́n sọ ìmọ́tótó àyíká di ọ̀ranyàn. Ó dáa fún gọ́tà, ó dáa fún ọjà. Ta ló wá ní ká gbé ìgbálẹ̀ wọ igbó? Àwa tá a ń kọ sọ́fítíwia mọ̀ pé kọ̀ǹpútà náà máa ń palẹ̀ mẹ́mórì rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kó tó pa ohunkóhun rẹ́, á kọ́kọ́ wò ó bóyá nǹkan mìíràn ṣì dì í mú. Bí ẹyọ kan péré bá ṣì dì í mú, kò ní fọwọ́ kàn án. Ṣé ẹ̀rọ ló yẹ kó gbọ́n jù wá lọ ni?

Ẹ ó ní: ejò ńkọ́? Igi ìdáná ńkọ́? Èyí tó dí ọ̀nà tàbí tó wà lẹ́yìn ilé, ẹ gbé e kúrò. Ìyá tó ń yan gàrí nílò igi, a ò bá a jà. Ẹni tó ń sun igi àárín igbó lásán là ń bá wí.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Ẹdẹ. Odò Ọ̀ṣun tó gba inú igbó Ọ̀ṣun-Òṣogbo kọjá ló ń ṣàn wá bá wa. Nínú igbó yẹn, èèwọ̀ ni kéèyàn gé igi tàbí kó dẹ ọdẹ. Ní 2005, UNESCO kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé. Àwọn baba wa ò ka ìwé ìmọ̀ ewéko kí wọ́n tó mọ̀ pé ibì kan wà tí a kì í fọwọ́ kàn. Àwa tá a kàwé ńkọ́? Bèbè odò tá a bá pa láró, erùpẹ̀ rẹ̀ ni àgbàrá ń gbé wọnú omi tí à ń mu.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin olóko, ẹ̀yin ilé ẹ̀kọ́ gíga tẹ́ ẹ ní igbó nínú ọgbà yín, igi tó bá wó nínú igbó tàbí létí odò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ níbi tó wó sí. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Gbogbo iṣẹ́ tá a bẹ̀ yín kò ju pé kẹ́ ẹ má ṣe nǹkan kan lọ.