"Jó" Nínú Èdè-Ìperí Iṣẹ́ Jórinjórin

Ohun tí ó jẹ wá lógún níhìn-ín ni ọ̀rọ̀-ìṣe "jó", bí a ti ń lò ó nínú iṣẹ́ irin. Ìbáà jẹ́ ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí géètì bá já, jórinjórin ni a ó gbé e lọ bá. Orúkọ yìí dá ṣáká. Ará ìlú ni ó sọ ọ́, kì í ṣe ìgbìmọ̀. Kò yẹ kí a sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé "jó" nìkan wọ inú ìwé ẹ̀kọ́, yóò da akẹ́kọ̀ọ́ láàmú.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ń so páìpù ńlá tí a fi irin aláìdípẹtà ṣe pọ̀. Kúrómíọ̀mù inú irin yìí, tí kì í dín ní ìdá 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ni ó ń mú kí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò ó tí kì í jẹ́ kí ó dípẹtà. Ọ̀nà TIG, tí Russell Meredith gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1941, ni a sábà ń lò. Iná mànàmáná a fò láti ẹnu ọ̀pá tungsten sára páìpù, irin a yọ́, gáàsì argon a sì bò ó kí afẹ́fẹ́ má baà kàn án.

Àbò ìta nìkan kò tó. Inú páìpù náà gbọ́dọ̀ ní argon. Nítorí pé gáàsì tí yóò kún páìpù ńlá a pọ̀ jù, a máa ń fi ìdènà dí ìhà méjèèjì oríkèé, kí argon lè kún àárín wọn nìkan. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn oríkèé a dúdú, a rí págunpàgun, irin tí a ní kì í dípẹtà a sì dípẹtà. Kí ni a ó sọ pé ó ṣe é? A ó ní ó jó!

Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(a) Ó ti jó páìpù náà.
(b) Ó ti jó páìpù náà pọ̀.
(d) Páìpù náà ti jóná.

Ìtumọ̀ (a) pé méjì, wọ́n sì tako ara wọn: iṣẹ́ ti parí, tàbí iṣẹ́ ti bàjẹ́. (b) àti (d) kò ní irú pọ́n-na bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, "ìjópọ̀" ni kí a máa pe iṣẹ́ náà, "ìjóná" ni kí a máa pe àbùkù náà.

Àwọn kan lè fẹ́ pe argon ní "gáàsì ọ̀lẹ", nítorí pé ìtumọ̀ orúkọ Gíríìkì tí a fún un lẹ́yìn tí Rayleigh àti Ramsay ṣàwárí rẹ̀ ní 1894 nìyẹn. A kò fara mọ́ ọn. Lójú Yorùbá, ọ̀lẹ ni ẹni tí ó rí iṣẹ́ tí kò ṣe é. Iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ sì ni argon ń ṣe níhìn-ín. "Gáàsì adáàbòbò" ni ó bá a mu.

Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni Èdè-Ìperí Yorùbá ti 1984 dá lé lórí. Iṣẹ́ ọwọ́ ṣì kù. Ẹ jẹ́ kí a lọ gbọ́ ohun tí àwọn jórinjórin ń wí kí a tó jókòó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ẹ jẹ́ kí a là á yé akẹ́kọ̀ọ́. Irú páìpù yìí ni wàrà àti oògùn ń gbà kọjá ní ilé-iṣẹ́. Ẹni tí kò mọ ìjópọ̀ yàtọ̀ sí ìjóná lè kó bá ẹni tí yóò mu ún.